Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Própẹ́là Ọkọ̀ Fóò-wíìlì Tí A Gbé Sókè

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà ti ń dé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń gbé Hilux, Patrol tàbí Jeep lọ sóko, ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn sókè kí ikùn rẹ̀ má baà máa wọ́ lórí ẹrẹ̀ ọ̀nà Akanran, Ìdó tàbí Lálúpọn. Bí ọkọ̀ ṣe ga tán ni própẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kírọ́ọ̀sì, oríkèé tó ń jẹ́ kí própẹ́là lè tẹ̀ bó ṣe ń yí, kò sì pẹ́ mọ́ kó tó jẹ. Mo yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù, nítorí pé orí ìdáhùn rẹ̀ ni àwọn yòókù dúró lé, mo sì rọ ẹni tí lẹ́tà tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ pé kó kọ́kọ́ ka ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Àgbẹ̀ kòkó ni mí, ọ̀nà Akanran ni oko mi wà. Mo fi ṣákù gígùn (irin tó so ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ṣáàsí) sí ẹ̀yìn Hilux mi, mo sì fi ewé kan kún sípíríǹgì rẹ̀, ó wá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní íǹsì 4. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ṣí kúrò lójú kan pẹ̀lú ẹrù, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n gìrìgìrì. Bí mo bá sì ti ń sáré tó 80 lórí títì, gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ á máa kùn. A ti pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta, a pààrọ̀ bẹ́árìn àárín lẹ́ẹ̀kan, ọjà Gate ni a ti ra gbogbo rẹ̀. Mẹ́káníìkì mi wá ní própẹ́là ti kúrú fún ọkọ̀, pé kí a gé e, kí a sì fi irin kún un. Ṣé kí n gbà? — Àgbẹ̀ kan, Akanran.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyùn kan própẹ́là yín. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí kì í ṣe àmì própẹ́là tó kúrú. Àmì própẹ́là tó tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni, tí ìtẹ̀ rẹ̀ lápá kan kò sì bá ti apá kejì dọ́gba. Gígùn àti igun jẹ́ àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn wọn kò sì jọra. Bí kírọ́ọ̀sì tuntun mẹ́ta bá ti bàjẹ́ tẹ̀léra lójú kan náà, ohun mìíràn ló ń pa wọ́n. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kírọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tuntun. Orúkọ Girolamo Cardano, ará Ítálì tó gbé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n fi ń pe irú oríkèé bẹ́ẹ̀, Clarence Spicer ará Amẹ́ríkà sì gba ìwé àṣẹ lórí èyí tó ṣe fún mọ́tò ní 1903. Ìwà kan wà lára rẹ̀ tí kò yí padà títí di òní. Bí irin méjì tó so pọ̀ bá nà gbọọrọ, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń yí. Ṣùgbọ́n bí igun bá ti wà láàárín wọn, bí èyí tó wà níwájú tilẹ̀ ń yí ní ìdọ́gba, èyí tó ń tẹ̀lé e yóò máa yára díẹ̀, yóò sì máa falẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Ní igun dígírì 10, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú 100, lókè àti nísàlẹ̀. Ní dígírì 20, ó ti lé ní ìdá 6 nínú 100. Igun di ìlọ́po méjì, wàhálà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí a gbé sókè ní íǹsì 2 fi lè rìn láìsí ohun tó ṣe é, tí èyí tí a gbé sókè ní 4 sì ń dààmú olówó rẹ̀.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ nípa èyí, ni wọ́n ṣe fi kírọ́ọ̀sì sí orí méjèèjì própẹ́là. Yíyára àti fífalẹ̀ tí ti iwájú bá dá sílẹ̀ ni ti ẹ̀yìn yóò pa rẹ́, bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó ọ̀kan ń lọ sókè bí ti èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, ohun méjì gbọ́dọ̀ wà: igun kírọ́ọ̀sì iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba, fọ́ọ̀kì (ẹnu irin tó di kírọ́ọ̀sì mú) tó wà ní orí méjèèjì própẹ́là sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi kan náà.

Ohun tí ṣákù gígùn ṣe sí ọkọ̀ yín nìyí. Ó gbé ẹ̀yìn ṣáàsí sókè kúrò lórí ẹ̀yìn sípíríǹgì, ṣùgbọ́n iwájú sípíríǹgì wà níbi tó wà. Sípíríǹgì wá fi ìdí lé ilẹ̀ sí i, ásùlù (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) tó dè mọ́ ọn bá a yí, ẹnu dífù, ibi tí própẹ́là ti dè mọ́ àpótí eyín àárín ásùlù, sì gbójú sókè. Lẹ́yìn èyí, bẹ́árìn àárín, tó wà níbi tí apá iwájú própẹ́là yín ti pàdé apá ẹ̀yìn, tó sì dè mọ́ ṣáàsí, bá ṣáàsí gòkè, apá ẹ̀yìn própẹ́là sì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹnu dífù ṣe gbójú sókè, igun tirẹ̀ dín kù. Igun ti kírọ́ọ̀sì àárín ní tirẹ̀ pọ̀ sí i. Ìdọ́gba ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣí pẹ̀lú ẹrù, agbára ẹ́ńjìnnì á tún tẹ sípíríǹgì, á gbé ẹnu dífù sókè sí i, ìyàtọ̀ igun á sì pọ̀ ju bó ṣe wà nígbà tí ọkọ̀ dúró lọ. Ibi tí gbígbọ̀n gìrìgìrì yẹn ti ń wá nìyí.

Wíwọ̀n ló kàn, kò sì gba owó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta dí wọn. Ẹ má fi jáàkì gbé e, nítorí pé bí ásùlù bá rọ̀ sísàlẹ̀, igun tí ẹ óò rí kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ fi ń rìn. Fóònù yín lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí áàpù tó ń fi dígírì hàn wà fún ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lára própẹ́là títí irin á fi hàn, kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ fóònù lé apá iwájú, kí ẹ sì kọ iye tó bá fi hàn sílẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún apá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ojú pẹlẹbẹ ẹnu dífù, níbi tí bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. Òòró ni ojú yẹn dúró, nítorí náà iye dígírì tó fi yà kúrò ní òòró ni kí ẹ kọ. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí ẹ tún un wọ̀n nígbà tí àpò kòkó tí ẹ máa ń kó bá wà lẹ́yìn, nítorí pé ẹrù ń tẹ ara ọkọ̀ sísàlẹ̀, ó sì ń yí gbogbo iye yẹn padà. Ìwọ̀n ẹrù tí ẹ fi ń sáré lórí títì ni kí ẹ tún igun ṣe fún, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń rọra wọ́ nínú oko.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní apá iwájú própẹ́là rọ̀ sí ẹ̀yìn ní dígírì 3, apá ẹ̀yìn rọ̀ ní 11, ẹnu dífù sì gbójú sókè ní 6. Igun kírọ́ọ̀sì àárín ni ohun tó kù bí a bá yọ 3 nínú 11, ìyẹn 8; ti ẹnu dífù ni ohun tó kù bí a bá yọ 6 nínú 11, ìyẹn 5. Mẹ́jọ àti márùn-ún kò lè pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá kàn fi irin yí ásùlù kí ẹnu dífù lè wálẹ̀ ní dígírì 3 yóò rí 8 ní ojú méjèèjì, wọ́n ti dọ́gba, ṣùgbọ́n 8 ti pọ̀ jù fún eré títì. Bí dífù bá jẹ́ 4.1, ìyẹn ni pé própẹ́là ń yí ìgbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, tí táyà sì ga ní íǹsì 31, nǹkan bí ìgbà 2,800 ni própẹ́là ń yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré 100. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe própẹ́là kì í fẹ́ kí igun kírọ́ọ̀sì ju nǹkan bí dígírì 6 lọ. Ní 1,500, ó lè tó 11, nítorí náà ni ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lórí títì fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú oko.

Nítorí náà, bẹ́árìn àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá fi irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sáàárín bẹ́árìn náà àti ṣáàsí, kí ó lè wálẹ̀, apá iwájú própẹ́là á rọ̀ sí i, apá ẹ̀yìn á sì tẹ́jú díẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, 3 lè di 5, 11 lè di 10. Kírọ́ọ̀sì àárín ti di 5 nìyẹn, gbogbo ohun tó sì kù ni kí ẹnu dífù wálẹ̀ láti 6 sí 5, kí tirẹ̀ náà lè jẹ́ 5. Kírọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu gíà yóò ní igun kékeré kan tí kò ní tẹ́lẹ̀, kò burú. Kírọ́ọ̀sì tó nà gbọọrọ pátápátá kì í pẹ́ láyé, nítorí pé àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kì í yí, ojú kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ títí wọ́n á fi lu irin.

Irin tí wọ́n fi ń yí ásùlù jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí apá kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ, àárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀ lórí ásùlù ló ń wà. Lórí Hilux, níbi tí sípíríǹgì ti jókòó lé orí ásùlù, apá tó nípọn ni yóò kọjú sí iwájú ọkọ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu dífù wálẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi sí i lódì, tí igun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe sì wá burú sí i. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi irin gidi ṣe, kì í ṣe alumíníọ̀mù, nítorí pé ẹrù kòkó yóò fọ́ ìyẹn. Ẹ ra yúbóòtù (bóòtù tó di sípíríǹgì mọ́ ásùlù) tuntun tó gùn tó, kí ẹ sì tún un dè lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, nítorí pé ó máa ń dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn tí mẹ́káníìkì yín sọ ńkọ́? Kì í ṣe irọ́ pé própẹ́là ń fà jáde bí ọkọ̀ bá ga, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí apá ẹ̀yìn própẹ́là bá gùn tó mítà kan, tí ọkọ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i, ohun tí própẹ́là nílò láti fi gùn sí i kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Apá eléyín rẹ̀, tó ń wọlé tó sì ń jáde, máa ń gba ìyẹn láyè lọ́pọ̀ ìgbà. Níbí ni ẹ ti lè lo jáàkì: ẹ gbé ṣáàsí títí táyà ẹ̀yìn á fi rọ̀, kí ẹ wo bí eyín tó ṣì kù nínú ihò rẹ̀ ṣe gùn tó. Bí ohun tó kù bá dín sí íǹsì kan ààbọ̀, èmi kò ní gbà á lọ́wọ́ ara mi, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ olóbìírí tí wọ́n fi bóòtù dè sáàárín própẹ́là àti ẹnu dífù lè fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì kún un láìsí gígé rárá. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ sì fi irin gùn ún jù, ewu mìíràn ni: lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀, tí ásùlù sì gòkè, própẹ́là yóò gúnlẹ̀ nínú eyín ara rẹ̀, yóò sì máa ti bẹ́árìn gíà láti ẹ̀yìn.

Bí ẹ kò bá tíì ju kírọ́ọ̀sì tí wọ́n yọ kẹ́yìn nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń kọ́ èékánná bí ẹ bá fà á kọjá lórí wọn, ibi tí abẹ́rẹ́ bẹ́árìn ti ń lu irin nìyẹn. Ẹrù tàbí igun ló fà á. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pupa gbígbẹ ló kún inú ife bẹ́árìn, omi ló wọlé, gíríìsì ni kò tó. Ẹ mú un dání lọ bá mẹ́káníìkì yín, kí ẹ jọ wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè dára. Igun ni kò tíì wọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé Nissan Patrol mi sókè ní íǹsì 3. Sítíárìn wá ń ṣáko, kì í dá padà fúnra rẹ̀ bí mo bá yí kọ́nà. Wọ́n yí ásùlù iwájú kí sítíárìn lè dúró, ó sì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n própẹ́là iwájú wá tẹ̀ gan-an, ó sì ń pariwo nígbà tí mo bá fi fóò-wíìlì sí i. Èwo ni kí n fi sílẹ̀ nínú méjèèjì? — Òǹkàwé kan, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi própẹ́là sílẹ̀, ẹ di sítíárìn mú. Irin kan ṣoṣo ni ásùlù iwájú yín, láti táyà kan dé èkejì, dífù sì wà lára rẹ̀. Bí a bá yí i kí orí ibi tí táyà ti ń yí lè fara ti ẹ̀yìn, èyí tó ń mú sítíárìn dúró, kò sí bí ẹnu dífù, tó kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ṣe ní wálẹ̀. Ohun méjèèjì ń fa okùn kan náà ni, ọkọ̀ tó ń ṣáko ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó sì lè pa ènìyàn kí kírọ́ọ̀sì tó ní ariwo ó pa.

Inú mi dùn pé Patrol ni ẹ ní. Bí ti yín bá ní họ́ọ̀bù iwájú tí a ń fi ọwọ́ yí, tí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lórí títì, própẹ́là iwájú kò yí rárá níbẹ̀. Inú ẹrẹ̀ nìkan ló ń yí, eré kò sí níbẹ̀, igun tó pọ̀ díẹ̀ kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan kíákíá. Nítorí náà ẹ máa ṣí họ́ọ̀bù náà, ẹ máa fún kírọ́ọ̀sì ní gíríìsì, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń kan ara wọn nígbà tí táyà iwájú bá rọ̀ sísàlẹ̀ pátápátá. Bí ó bá ń kan ara wọn, àpá yóò wà lára irin níbi tí ọ̀dà ti bó. Ìyẹn nìkan ni ohun tí mo lè sọ pé kí ẹ náwó lé lórí níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Jeep Wrangler 2004 ni mo ń lò, ó sì ti ga. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fi própẹ́là kan hàn mí tó ní kírọ́ọ̀sì méjì pa pọ̀ ní orí kan. Ó ní òun ló máa yanjú gbígbọ̀n ẹ̀yìn. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé kan, Olúyọ̀lé.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tó bá a rìn. Wrangler kúrú, própẹ́là ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì kúrú, ìdí nìyí tí íǹsì díẹ̀ fi ń sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju ti Hilux lọ. Kírọ́ọ̀sì méjì tó wà pa pọ̀ ní orí tó lọ sí gíà kékeré, èyí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, ń pín igun náà láàárín ara wọn, wọ́n sì ń pa yíyára àti fífalẹ̀ ara wọn rẹ́ níbẹ̀, láìdúró de ti ẹ̀yìn. Ìyẹn wá yí òfin tí mo sọ fún àgbẹ̀ Akanran padà. Fún ti yín, kì í ṣe pé kí igun méjèèjì dọ́gba. Ẹnu dífù ni kí ẹ yí sókè kó kọjú sí própẹ́là gan-an, kí igun tirẹ̀ súnmọ́ òdo, kí ó kàn fi dígírì kan tàbí méjì rẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, nítorí pé yóò gòkè díẹ̀ bí ẹ bá tẹ iná. Ẹni tó bá de própẹ́là yìí, tí kò sì yí ásùlù, ti ná owó rẹ̀ sí ìdajì iṣẹ́.

Ohun kejì tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ irú Wrangler yín, tí wọ́n ṣe láàárín 1997 àti 2006, àwọn tí gíà kékeré wọn jẹ́ NV231, própẹ́là ẹ̀yìn ń wọ inú gíà náà lọ tààrà nípa eyín, kò sí bóòtù níbẹ̀. Própẹ́là tí wọ́n fi hàn yín nílò ojú pẹlẹbẹ oníbóòtù. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀yìn gíà náà, kí a yọ irin gígùn inú rẹ̀, kí a sì fi kúkúrú tó ní ojú oníbóòtù rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ìyẹn náà. Bí kò bá ní in, ẹ má tíì sanwó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìwó Road, wọ́n sì máa ń gbé própẹ́là wá fún wa láti fi gùn. Páìpù omi ni a ń lò. Àwọn kan máa ń padà wá pé ó ń gbọ̀n. Kí ni a ń ṣe tí kò tọ́? — Ọmọṣẹ́ kan.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, nítorí pé ìbéèrè yìí ló lè gba ẹ̀mí là jù nínú gbogbo wọn. Páìpù omi kì í ṣe irin própẹ́là. Ara rẹ̀ kò nípọn bákan náà yí ká, ojú ìjórin tó wà nínú rẹ̀ máa ń wú sí apá kan, a kò sì ṣe é láti gba agbára tó ń lọ́ irin. Tòkunbọ̀ própẹ́là tó gùn ju ti oníbàárà lọ ni kí ẹ wá ní ọjà Gate, irú èyí tí ìbú rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe nípọn bá ti àtijọ́ mu. Ẹ gé èyí kúrú dípò kí ẹ fi nǹkan gùn èkejì. Orí kan ṣoṣo ni ẹ óò jó, ìyẹn níbi tí irin ti pàdé fọ́ọ̀kì, kò ní sí oríkèé ìjórin láàárín, níbi tí própẹ́là ti ń fì jù.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbọọrọ kan láti orí fọ́ọ̀kì kan dé èkejì, kí ẹ sì fi irin mímú kọ ọ́ sára kí ó má baà parẹ́. Ilà yẹn ló máa sọ fún yín bóyá fọ́ọ̀kì méjèèjì ṣì kọjú sí ibi kan náà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fa irú rẹ̀ sórí apá eléyín pẹ̀lú kí ẹ tó fà á yọ, nítorí pé bí ó bá padà wọlé pẹ̀lú eyín kan péré ní àṣìṣe, ìpaǹkanrẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè ti bàjẹ́, kò sì sí kírọ́ọ̀sì tuntun tó lè tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ fi iná kan án ní ojú mẹ́rin, ní òdìkejì ara wọn, kí ẹ má tíì jó o yí ká. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin, kí wọ́n yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì fi aago tó ń wọn yíyẹ̀ irin sí àárín rẹ̀. Bí ó bá ń yẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, ẹ lù ú padà kí ẹ tó jó o tán. Lẹ́yìn èyí ni bálàǹsì. Bí ẹ̀rọ bálàǹsì própẹ́là kò bá sí nítòsí, ẹ sọ fún oníbàárà kó wá ibi tó wà kó tó sáré lórí títì. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ó ti parí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí gígùn fi léwu. Gbogbo própẹ́là ló ní eré kan tó jẹ́ pé bí ó bá dé ibẹ̀, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì síta títí yóò fi tẹ̀ tàbí já. Bí própẹ́là bá ṣe gùn sí i, ni eré yẹn ń lọ sílẹ̀, kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀: bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún gígùn rẹ̀, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 ni yóò dín kù, bí ẹ bá sọ gígùn di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Irin tí ìbú rẹ̀ tóbi ló ń gbé eré yẹn padà sókè, kì í ṣe irin tó wúwo. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ gígùn fi gé própẹ́là rẹ̀ sí méjì, tí wọ́n sì fi bẹ́árìn sí àárín. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun yọ bẹ́árìn àárín kúrò, kí ẹ sì sọ própẹ́là di ẹyọ kan gígùn, ẹ ṣàlàyé èyí fún un, bí kò bá sì gbà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun kan kù. Bí iwájú própẹ́là bá já nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, orí rẹ̀ lè gún títì, kó sì ti ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Òrùka irin kan tí ẹ bá fi bóòtù dè mọ́ ṣáàsí, tí própẹ́là gba àárín rẹ̀ kọjá láìkan án, yóò gbà á mú. Ẹ máa fi í lọ gbogbo oníbàárà.

ÌBÉÈRÈ: Hilux tèmi, iwájú rẹ̀ ni wọ́n gbé sókè jù. Rọ́bà ṣáàfù iwájú ti ya lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn náà ga díẹ̀, mo sì ń rí i pé bí mo bá tẹ bíréèkì pẹ̀lú ẹrù, iwájú nìkan ló ń mú. Ṣé ọ̀rọ̀ própẹ́là náà nìyí? — Òǹkàwé kan, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ti rọ́bà jọ ọ́, nítorí pé igun ló fà á. Lórí Hilux tí táyà iwájú rẹ̀ ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dífù dè mọ́ ṣáàsí. Bí ṣáàsí bá gòkè, ṣáàfù tó lọ sí táyà á rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ìṣẹ́po rọ́bà rẹ̀ á sì máa fara gbo ara wọn títí wọn yóò fi ya. Iyanrìn á wọlé, gíríìsì á sì jáde. Ẹ sọ iwájú kalẹ̀ sí nǹkan bí íǹsì 2, tàbí kí ẹ fi irin sí ìdí dífù iwájú kí òun náà lè wálẹ̀. Èmi yóò kọ́kọ́ sọ iwájú kalẹ̀.

Ti bíréèkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ própẹ́là, ó sì ṣe kókó ju própẹ́là lọ. Ọ̀pọ̀ Hilux ní fáfù kan lórí ṣáàsí lẹ́yìn, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ásùlù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn: bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ sísàlẹ̀, irin náà á gòkè, fáfù á sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú dáadáa. Nígbà tí ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, irin náà rọ̀ sísàlẹ̀, fáfù sì rò pé ọkọ̀ ṣófo ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí iwájú nìkan fi ń mú. Ẹ wá irin tí wọ́n fi ń gbé ojú ìdè rẹ̀ sókè ní iye tí ẹ fi gbé ọkọ̀ ga, kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe yọ fáfù náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wo rọ́bà bíréèkì tó gba láti ṣáàsí lọ sí ásùlù nígbà tí táyà ẹ̀yìn rọ̀. Bí ó bá nà gbọọrọ bí okùn tí a fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí gígùn kí ẹ tó gbé ẹrù mìíràn.